Windows àti Ubuntu lórí láptọ́ọ̀pù kan: mo fẹ́ kúrò nínú dual-boot bọ́ sí virtual machine, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atẹ̀wé Ìgbóǹnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìgbóǹnà níhìn-ín ní Òṣogbo: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì àti báńnà. CorelDRAW ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, orí Windows ni ó sì wà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí náà ni mo ṣe fi Ubuntu, tí ó jẹ́ irú Linux kan, sí ẹ̀gbẹ́ Windows lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ bi mí èwo ni mo fẹ́ wọ̀ nínú méjèèjì; dual-boot nìyẹn.

Ohun tí ó sú mi ni pé n kò lè lo méjèèjì pa pọ̀. Bí oníbàárà bá bá mi nínú Ubuntu, tí ó ní kí n tún orúkọ kan ṣoṣo ṣe lára ìwé ìpè, mo ní láti ti gbogbo ohun tí mo ṣí, kí n pa ẹ̀rọ, kí n tún un tàn, kí oníbàárà sì jókòó máa wò mí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ aago. Nígbàkúùgbà tí mo bá ti inú Ubuntu padà sí Windows, aago Windows yóò ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn, bí n kò bá sì ní dátà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo tẹ rìsíìtì fún ìyá àgbà kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, ìyá náà sì rọra bi mí bóyá rìsíìtì ẹlòmíràn ni mo kó fún òun.

RAM láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ gígábáìtì 8, Core i5 ìran kẹjọ ni, SSD rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 256. Mo fi 150 fún Windows, ìyókù wà lọ́wọ́ Ubuntu. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n yọ ọ̀kan kúrò kí n sì gbé e sínú virtual machine? Èwo ni kí n yọ, báwo ni n óò sì ṣe ṣe é tí iṣẹ́ àwọn oníbàárà kò fi ní sọnù?

Alátùn-únṣe Alékúwodò

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ kedere. Kí n kọ́kọ́ mú ọkàn yín balẹ̀ lórí aago: kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ yín. Aago kékeré kan wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà tí kì í dúró bí ẹ tilẹ̀ pa ẹ̀rọ. Àkókò UTC, tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n aago, ni Ubuntu máa ń kọ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows gbà pé àkókò ìlú tí ẹ wà ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí aago Nàìjíríà ti fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, wákàtí 1 yẹn náà ni Windows ń fi rẹ̀yìn. Ẹ tẹ `timedatectl set-local-rtc 1` sínú Ubuntu, yóò sì dáwọ́ dúró lónìí, kí ẹ tó wá pinnu ohun tí ó kù.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, èyí tí ẹ fi ń jẹun ni kí ẹ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ gidi. Virtual machine jẹ́ kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan ni onílé, ọ̀kan ni àlejò. Onílé ni ó ni káàdì àwòrán, ìtẹ̀wé àti gbogbo RAM. Ohun tí onílé bá bù fún àlejò ni àlejò yóò lò. CorelDRAW kò ní fẹ́ràn ipò àlejò, pàápàá bí ẹ bá ń ṣe báńnà ńlá tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ ètò kíkọ kò nílò ju ibi tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí àti ibi tí yóò ti rí àbájáde rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí Windows jẹ́ onílé, kí Ubuntu jẹ́ àlejò.

RAM 8 yóò gbé e, bí ẹ bá lè ṣọ́ ọ lò. Ẹ fún àlejò ní 3, ó pọ̀ jù ni 4, kí ẹ sì fún un ní core 2 nínú 4 tí ọpọlọ ẹ̀rọ yín ní. VirtualBox, ètò tí a fi ń ṣe virtual machine, máa ń fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa hàn níbi tí ẹ ó ti yan iye RAM. Ẹ má ṣe wọ inú pupa. Kí ẹ tó fi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS, ojú ètò ẹ̀rọ tí ó wà kí Windows tó tàn, kí ẹ sì rí i pé ibi tí wọ́n kọ Intel Virtualization Technology sí wà ní títàn. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ HP, F10 ni ẹ ó tẹ̀ bí ó bá ṣe ń tàn. Bí ó bá jẹ́ Dell, F2 ni. Lórí ẹ̀rọ AMD, SVM ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi ni ó wà ní pípa, tí oní-nǹkan á sì máa rò pé ẹ̀rọ òun kò lágbára.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tíì pa Ubuntu àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi àlejò sínú Windows, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì wà ní ipò rẹ̀. Bí ẹ kò bá wọ inú rẹ̀ mọ́ láàárín àsìkò yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó àkókò.

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, pàápàá lórí àìtètè pa nǹkan rẹ́, nítorí pé ojú mi rí màbo. Àdìrẹ ni mo ń ṣe. Lórí Linux ni mo ti ń ya bátànì mi, pẹ̀lú Inkscape, Windows sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìwé ìṣirò owó nìkan. Nítorí náà, òdìkejì tiyín ni mo ṣe: Linux ni onílé lọ́dọ̀ mi, Windows sì ni àlejò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé, lẹ́yìn tí mo pa ìpín Windows (apá dísìkì tí Windows ń gbé) rẹ́, àyè tí ó ṣófo wà níwájú ìpín Linux, mo sì fẹ́ kí GParted, ètò tí a fi ń pín dísìkì, sún Linux síwájú kí ó lè gba àyè náà. Sísún ìpín kì í ṣe ohun ìṣẹ́jú kan. Gbogbo fáìlì ni yóò máa kó lọ láti ibì kan sí ibòmíràn lórí dísìkì. Ó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí kan nígbà tí iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti di arúgbó, kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó fa wáyà dé ibi tí ẹ̀rọ wà, ojú rẹ̀ ti dúdú. Bátànì ọdún méjì ni ó lọ síbẹ̀. Àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp nìkan ni mo rí kó padà, bí àwòrán lásán, kì í ṣe bí iṣẹ́ tí mo lè ṣí kí n tún ṣe.

Ẹ má ṣe sún ìpín kankan. Bí ẹ bá gbọdọ̀ sún un, ẹ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sórí dísìkì ìta, kí ẹ yọ dísìkì náà kúrò lára ẹ̀rọ, kí bátìrì kún, kí ínfátà sì wà.

Nǹkan kékeré kan tún wà fún yín tí ẹ ń tẹ̀wé: bí ẹ bá so ìtẹ̀wé USB mọ́ àlejò, onílé kò ní rí i mọ́ títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀wé jẹ́ ti Windows, kí ẹ sì máa gbé fáìlì gba inú àpò àjùmọ̀lò tí VirtualBox ń ṣe láàárín àwọn méjèèjì.

Olùkọ́ Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú àfaradà, Màmá Aláró.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó máa ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé virtual machine kò dára. Nígbà tí ẹ bá tan Ubuntu nínú VirtualBox, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí àwòrán ìjàpá kékeré aláwọ̀ ewé níbẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé Windows fúnra rẹ̀ ti gba agbára virtualization ẹ̀rọ náà sọ́wọ́, VirtualBox sì ń gba ọwọ́ Hyper-V, ètò virtual machine ti Windows, kọjá kí ó tó ṣiṣẹ́. Àlejò yóò máa rìn bí ìjàpá gan-an. Ohun tí ó máa ń fà á jù ni Memory integrity, tí ó wà lábẹ́ Core isolation nínú Windows Security, tàbí kí ẹ ti tan Hyper-V tàbí Virtual Machine Platform nínú Windows Features. Bí ẹ bá pa wọ́n, tí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn, ìjàpá sábà máa ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ààbò ni Memory integrity jẹ́: kì í jẹ́ kí ètò burúkú fi ara pamọ́ sínú ọkàn Windows. Lórí ẹ̀rọ tí ó wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, mo lè pa á. Lórí ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ènìyàn ogún ń ki fúláàṣì bọ̀ lójúmọ́, tí ẹ kò sì mọ ibi tí fúláàṣì náà ti wá, èmi kò ní pa á láéláé. N óò kúkú fara da ìjàpá. Àlejò yín gan-an sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbí: bí Ubuntu bá ti wà nínú VirtualBox, ẹ lè sọ fún VirtualBox pé kí fúláàṣì oníbàárà máa wọ inú Ubuntu tààrà, kí ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì mú fáìlì tí ẹ nílò nìkan wá sí Windows. Kòkòrò tí wọ́n ṣe fún Windows kò rí ẹsẹ̀ rìn nínú Ubuntu.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí nìkan ni ẹ nílò láti fi kọ́ ètò kíkọ, WSL, tí Windows fi ń gbé Linux sínú ara rẹ̀, yóò tó yín. Ẹ ó kọ `wsl --install` nínú PowerShell tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, Ubuntu yóò sì wọlé. WSL 2 náà jẹ́ virtual machine, àmọ́ Windows ni ó ń bójú tó o, kò sì sí ìjà láàárín òun àti Memory integrity.

Ìdí kan tí ó mú mi yọ dual-boot kúrò lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí mo ń bójú tó ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìmúdójúìwọ̀n ààbò Windows ti oṣù náà fi òfin tuntun sínú ẹ̀rọ pé kí ó má gba àwọn bootloader (ètò tí ń tan Linux) àtijọ́ tí ó ní ihò láàyè mọ́, ọ̀pọ̀ Linux tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows sì bá a lọ. “Verifying shim SBAT data failed” ni ọ̀rọ̀ tí ó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Àlejò inú VirtualBox kò bá wọn lọ́wọ́ sí irú ìyẹn, nítorí pé ó ní BIOS àfarawé tirẹ̀, onílé kì í sì í fọwọ́ kan án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ògo-Olúwa

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Lórí ọ̀rọ̀ dátà, ẹ̀dà Ubuntu 24.04 fún kọ̀ǹpútà ju gígábáìtì 5 lọ. Bí dátà bá wọ́n lọ́dọ̀ yín, Debian, Linux mìíràn, ní ẹ̀dà netinst tí kò tó gígábáìtì 1, tí ẹ ó sì yan ohun tí ẹ nílò nìkan nígbà tí ẹ bá ń fi í sílẹ̀. Nínú virtual machine tí RAM rẹ̀ jẹ́ 3, ojú iṣẹ́ Xfce ni mo ń lò, nítorí pé ojú GNOME tí ó wà lórí Ubuntu máa ń jẹ RAM púpọ̀.

Fún ẹni tí ó ń kọ orúkọ Yorùbá lójoojúmọ́ bíi tiyín, ẹ rántí pé kíbọ́ọ̀dù tí ẹ yàn nínú Windows kò tẹ̀ lé yín wọ inú àlejò. Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹ yàn án nínú Settings àlejò fúnra rẹ̀. Ctrl apá ọ̀tún sì ni VirtualBox fi ń mú kíbọ́ọ̀dù kúrò lọ́wọ́ àlejò padà sọ́wọ́ onílé, nítorí náà ẹ má lo bọ́tìnnì yẹn fún àmì ohùn.

Ọmọ Òròkí

Kí n sọ apá kejì rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ má baà kà á kí ó sì ṣi ìgbésẹ̀ gbé. Dual-boot kò tíì kú. Ẹ̀kọ́ AI ni mo ń kọ́, káàdì NVIDIA ni mo sì ń lò fún un. Nínú VirtualBox, àlejò kò rí káàdì yẹn bí ó ti wà. Káàdì àwòrán àfarawé ni ó ń rí, tí kò lè ṣe iṣẹ́ CUDA, ìyẹn ìṣirò tí a ń ṣe lórí káàdì NVIDIA. Ọ̀nà wà lórí Linux tí a fi ń fa káàdì fún àlejò pátápátá, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń béèrè pé kí ẹ ní káàdì méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí RAM rẹ̀ kò ju 4 lọ: tí ó bá pín in sí méjì, onílé àti àlejò ni ebi yóò pa. Irú àwa wọ̀nyí, kí a dúró ní ibi tí a wà.

Atẹ̀wé Ìgbóǹnà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wọ BIOS, ó wà ní pípa lóòótọ́, mo sì tàn án. Mo fi VirtualBox sílẹ̀, mo fún àlejò ní RAM 3 àti dísìkì 40. Mo rí ìjàpá. Mo ka ohun tí Olùkọ́ sọ nípa fúláàṣì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ìjàpá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ́ra díẹ̀ nígbà tí ó bá ń tàn, ṣùgbọ́n fún ètò tí mo ń kọ, kò dí mi lọ́wọ́.

Ohun tí ó kù ni bí n óò ṣe kó iṣẹ́ inú Ubuntu àtijọ́ wá, nítorí pé Windows kò rí ìpín náà rárá, àti bí n óò ṣe pa á rẹ́ nígbẹ̀yìn.

Alátùn-únṣe Alékúwodò

Windows kò lè ka ext4, ọ̀nà ìtò fáìlì tí Ubuntu ń lò, fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ Ubuntu àtijọ́, ẹ so dísìkì ìta mọ́ ọn, kí ẹ sì di àpò iṣẹ́ yín sínú fáìlì tar kan ṣoṣo, kí ìyọ̀ǹda orí àwọn fáìlì náà má baà sọnù lójú ọ̀nà. Bí dísìkì ìta bá jẹ́ FAT32, kò ní gba fáìlì tí ó bá tó gígábáìtì 4, nítorí náà kí ó jẹ́ exFAT tàbí NTFS. Ẹ tú u sínú àlejò, kí ẹ sì ṣí fáìlì mélòó kan wò níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbà pé ó dé títí ojú yín yóò fi rí i.

Ní ti pípa á rẹ́, bí ẹ ṣe tò ó ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá BitLocker tàbí Device encryption, tí ń ti dísìkì pa, wà lórí Windows yín, nítorí pé ó lè ti tan ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ó bá wà, ẹ wá nọ́ńbà ìmúpadàbọ̀sípò rẹ̀ tí ó jẹ́ díjíìtì 48 nínú àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ fi gègé kọ ọ́ sórí ìwé, nítorí pé yíyí ètò inú BIOS padà lè mú kí Windows béèrè fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS, ẹ fi Windows Boot Manager ṣe àkọ́kọ́, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé ó wọ Windows tààrà láìbéèrè ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè fọwọ́ kan ìpín. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pa Ubuntu rẹ́ yóò bá ojú dúdú tí wọ́n kọ grub (ètò tí ń béèrè èwo ni ẹ fẹ́ wọ̀) sí pàdé ní òwúrọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí grub ń lò wà nínú ìpín tí ó pa rẹ́.

Nínú Disk Management, ìpín Ubuntu kò ní lẹ́tà. Bí ó ṣe tóbi tó ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Ẹ fa ọwọ́ yín sẹ́yìn kúrò lára èyí tí wọ́n kọ EFI System Partition sí, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí pé inú rẹ̀ ni Windows náà ń gbà tàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ti Ubuntu rẹ́, ó ṣeé ṣe kí Extend Volume kọ̀ láti fi àyè náà kún C, nítorí pé ìpín Recovery, tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, ti dúró sí àárín. Ẹ má bá a jà, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Màmá Aláró. Ẹ sọ àyè náà di D, kí ẹ sì gbé dísìkì àlejò síbẹ̀ láti inú VirtualBox fúnra rẹ̀. Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé fáìlì dísìkì àlejò máa ń wú bí ẹ ṣe ń lò ó, kì í sì í fọn padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá wú lórí D, kò ní fún CorelDRAW lọ́rùn lórí C.

Ní Òṣogbo tí iná ń lọ tí ń bọ̀, ẹ má máa pa onílé nígbà tí àlejò ṣì wà láàyè. Tí iná bá lọ tí bátìrì sì ti ń lọ sílẹ̀, ẹ ti fèrèsé àlejò, kí ẹ yan “Save the machine state”. Yóò kọ ohun tí ó wà nínú RAM rẹ̀ sórí dísìkì, ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé náà ni ẹ ó sì bá a nígbà tí iná bá dé.

Atẹ̀wé Ìgbóǹnà

Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ẹ ti wí. Láàárín àsìkò yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ Ubuntu àtijọ́, láti kó iṣẹ́ inú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bátìrì kún, mo rí nọ́ńbà BitLocker, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sì tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe tò ó. Recovery wà ní àárín lóòótọ́, nítorí náà mo sọ àyè náà di D. Inú rẹ̀ ni àlejò ń gbé báyìí, ó sì ti jẹ gígábáìtì 19 nínú 40 tí mo fún un.

Lánàá, bàbá kan wọlé, ó ní a kọ orúkọ ìyàwó òun láìsí àmì ìsàlẹ̀, pé Sola kì í ṣe Ṣọlá. Mo tẹ Ctrl ọ̀tún, mo bọ́ sí CorelDRAW, mo tún un ṣe, mo sì tẹ ẹ̀dà kan fún un kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò tí mo ń dán wò nínú Ubuntu kò dúró ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀, aago tí ó wà lára rìsíìtì bàbá náà sì bá ti ara ògiri mu.